Kì í Ṣe Dò Nìkan Ni Ilé Orin

Èrò mi lórí ẹ̀kọ́ orin ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, inú ilé ara mi ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ta ukulélé rẹ̀, jìtá kékeré olókùn mẹ́rin nì. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti Lá sí Sọ́, láti Sọ́ sí Fá, láti Fá sí Mí, ó sì dúró. Mo retí títí, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Mo ké sí i pé, “Parí orin rẹ, jàre.” Ó dáhùn pé, “Bàbá, ó ti parí.”

Èmi tí mo kọrin báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ tọ́ ọmọ náà sọ́nà! Gbogbo àwa tí a fi sol-fa kọ́ orin ni a mọ̀ pé Dò ni ilé. Bí orin bá jẹ́ ti ìbànújẹ́, Lá ni. Ibẹ̀ ni orin gbọ́dọ̀ padà sí kí Àmín tó dé. Ṣùgbọ́n flamenco ni ọmọ náà ń kọ́, orin àwọn ará Andalusia ní gúúsù Sípéènì, èyí tí àwọn ẹ̀yà Gitano kó ipa ńlá nínú rẹ̀, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ ogún àṣà aráyé ní ọdún 2010. Nínú orin yìí, Mí gan-an lè jẹ́ ilé. Ìṣísẹ̀ kékeré kan ṣoṣo ni ó wà láàárín Fá àti Mí, ìṣísẹ̀ náà ni ó sì ń sọ fún etí pé a ti dé ẹnu ọ̀nà. Nínú kọ́ọ̀dù tó gbẹ̀yìn, wọ́n a gbé Sọ́ sókè di Sé, orin náà a sì dà bí ẹni tó ń sunkún, tó wá gbé orí sókè.

Bí C bá jẹ́ Dò, A máínà, G, F àti E ni kọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí ukulélé, ìka kan tó, ní àyè kejì lórí okùn G, láti mú A máínà dún. Má ṣe gbé e kúrò. Fi ìka mìíràn tẹ okùn E ní àyè kìn-ín-ní, F ti dé. G gba ìka mẹ́ta. E7, tí a lè fi parí rẹ̀, gba mẹ́ta pẹ̀lú.

Síbẹ̀ ohun kan kù. Jìtá ńlá ní okùn E tó rẹlẹ̀, tó ń dún nísàlẹ̀ bí báàsì, tó ń tọ́ka sí ilé fún olùgbọ́. Ukulélé kò ní irú rẹ̀. Etí ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá ilé náà rí. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé àwòrán ibi tí ìka ń tẹ̀ kò tó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ ní ìdí tí ohùn fi ń bá ara wọn rẹ́.

Àwọn kan yóò ní ohun ìṣeré ni ukulélé. Àwọn ará erékùṣù Madeira, tí í ṣe ti Pọ́túgà, ni wọ́n gbé jìtá kékeré wọn dé Hawaii ní ọdún 1879. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Láti ara jìtá náà ni ukulélé ti jáde. Ohun tí òṣìṣẹ́ gbé la òkun já kì í ṣe ohun ìṣeré. Àwọn mìíràn yóò ní orin ilé ọtí ni flamenco. Ní Seville, ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, bí wọ́n bá ń gbé ère Olúwa wa tó ń jìyà kọjá, akọrin kan a gbé ohùn sókè ní ìlànà flamenco. Saeta ni wọ́n ń pe orin náà, àdúrà sì ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, bí a ti ń dá owó àjọ̀dún yìí, mo mọ̀ pé dùùrù ńlá ni yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni ó lè jókòó sí ìdí dùùrù. Ẹ jẹ́ kí a ra ukulélé tí yóò kárí kíláàsì kan, kí a sì wá olùkọ́ tó mọ sol-fa tì í. Ọ̀pọ̀ nínú wa jáde níhìn-ín láìmọ̀ ju apá tiwa nínú ohùn mẹ́rin lọ. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní bí ọmọ kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko bàbá ẹni tó tó ti bàbá òun.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Òótọ́ ni, orin náà ti parí. Etí mi ni kò tíì délé. Kí Olúwa bù kún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì fún àwọn ọmọ wa ní etí tó ń gbọ́. Àmín.