Ìmọ̀ Ló Yẹ Kó Kún Inú Fuji Garbage Nígbà Tó Bá Pé Ogójì Ọdún

Láti ọwọ́ Olólùfẹ́ Orin Àtijọ́, Ṣógúnlé

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwo orin kan tí wọ́n gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní Àpápá tún padà sórí àtẹ káàkiri ayé láti fi sàmì àádọ́ta ọdún rẹ̀. Band on the Run ni àwo náà. Paul McCartney àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Wings, ló ni ín. Àwọn olólùfẹ́ orin ti mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni mowó. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ méjì kẹ́yìn sí McCartney kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, pé òun, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine nìkan ló wá ṣiṣẹ́ ní sítúdíò EMI ní Wharf Road lọ́dún 1973. Wọ́n mọ̀ pé àwọn adigunjalè dá tọkọtaya náà lọ́nà, tí wọ́n sì kó téèpù tí wọ́n fi ń dán orin wò lọ. Wọ́n mọ̀ pé Fela fẹ̀sùn kan McCartney pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí kó l'Ékòó, àfìgbà tó gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà wáyé ní sítúdíò ARC tí onílù Ginger Baker dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ibi tí kò jìnnà sí Ṣógúnlé rárá.

Àtúngbéjáde àwo náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìtàn yìí parẹ́. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n fi àwo kejì tì í, èyí tó kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ṣe é. Lọ́dún 2010, wọ́n tún gbé e jáde pẹ̀lú fíìmù, fọ́tò àti ìwé. Ti ọdún 2024 gbé àwọn orin náà wá bí wọ́n ṣe rí kí wọ́n tó fi àwọn ohun èlò orin mìíràn bò wọ́n. Orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní nílé ni wọ́n tún ń rà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa orin náà ni wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan Ṣógúnlé gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kan náà ni Fuji Chambers wà, ilé olórin fújì, Àlàájì Síkírù Àyìndé Barrister, ní Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2010. Lọ́dún 1988 ni Barrister gbé Fuji Garbage jáde. Lọ́dún 2028, àwo náà yóò pé ogójì ọdún. Ó tọ́ kí wọ́n tún un gbé jáde nígbà náà, kó sì gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orin mélòó kan àti èèpo tuntun nìkan ni wọ́n fi kún un, iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ ló yẹ kó pọ̀ sí i nínú àwo fújì.

Àwo náà tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Barrister lọ́dún 1948. Láti kékeré ló ti ń ṣe wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ fún sààrì. Ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, kó tó wá gbájú mọ́ orin pátápátá. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó gba orin ààwẹ̀ kúrò lójú títì òru, tó sọ ọ́ di orin òde ìnáwó, tó sì pè é ní fújì, orúkọ tó ní òun rí lára àwòrán òkè ńlá ilẹ̀ Japan kan ní pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí Fuji Garbage jáde, Garbage di ìlù, ó sì di ijó. Àwọn àwo mìíràn tẹ̀ lé e lábẹ́ orúkọ náà, títí dórí New Fuji Garbage tí ilé-iṣẹ́ GlobeStyle gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1991.

Ní Ṣógúnlé, láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin dé ibùdókọ̀ PWD, ó ṣọ̀wọ́n kí orin Barrister máa dún níbi táwọn àgbà jókòó sí kí àríyànjiyàn má bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́dún 1988 ti ń sún mọ́ ọgọ́ta báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu wọn. Àwọn kan gbà pé Garbage àkọ́kọ́ ni baba gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní àwo àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìlù ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, ló ládùn. Ẹni tó bá jẹ́ ti Kollington Àyìnlá, olórin fújì mìíràn, kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan àtúngbéjáde, wọ́n á tún pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe kó dún bí orin òde òní. Àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn ìyókù ní kí ni wọ́n fẹ́ ra àwo fún nígbà tí orin náà ti wà lórí fóònù?

Àwọn tó mẹ́nu kan fóònù ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ìdáhùn. Ohun tó wà lórí fóònù kì í sábà jẹ́ àwo náà gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara elépéè tó ti họ ni wọ́n ti dà á kọ, tàbí ara kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ojú kan elépéè fújì sábà máa ń jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń lọ láìdúró fún bí ogún ìṣẹ́jú. Olórin á ti inú oríkì bọ́ sínú òwe, á ti inú òwe bọ́ sínú àdúrà, ìlù á sì máa yí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Ẹni tó bá gé e wẹ́wẹ́ kó lè bá fóònù mu ti ba ètò rẹ̀ jẹ́. Nígbà mìíràn, orúkọ àwo á ti yí, ọdún tó jáde á ti yí, orúkọ onílù kò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwo tí kò lọ́jọ́, tí kò lórúkọ, kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ní ti ohùn, àwọn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án ló jàre. Téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kì í ṣe téèpù lóore: ohun tó lẹ lẹ́búlẹ́bú onírin mọ́ ara rẹ̀ máa ń fa omi, téèpù á wá máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi ooru pẹ̀lẹ́, bí àádọ́ta ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, yan irú téèpù bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n lè rí ohùn inú rẹ̀ dà kọ. Bí téèpù kò bá sí mọ́, kí wọ́n wá elépéè tó mọ́ jù lọ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́. Kí wọ́n mú ariwo ìhọra kúrò, kí wọ́n fi orin sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí ìdí kankan láti lu ìlù tuntun lé orí ti àwọn tó ti lù ú tán. Ẹni tó bá fẹ́ dán ohun mìíràn wò, kó gbé e sórí àwo ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é fún Band on the Run lọ́dún 2024: ojúlówó àwo dá wà lọ́tọ̀, ẹ̀dà kejì sì dá wà lọ́tọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù lọ ni ọ̀rọ̀ inú orin náà. Fújì kì í ṣe orin ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ kó sì yé e láìsí àlàyé. Olóyè, oníṣòwò, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́: gbogbo wọn ló ń gba oríkì nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1988 ń gbọ́ orúkọ, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó ń gbọ́ òwe àbùkù, kò mọ ẹni tí wọ́n ń fi í bá wí. Ó ń gbọ́ dùndún tó ń sọ ohun tí ẹnu olórin kò sọ, ó rò pé ariwo ìlù lásán ni. Karin Barber àti Christopher Waterman, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àṣà Yorùbá, kọ iṣẹ́ ìwádìí jáde lọ́dún 1995 lórí fújì àti oríkì. Àwọn ọ̀mọ̀wé rí i pé ọ̀rọ̀ inú orin yìí tó ohun tí ènìyàn ń jókòó tì. Àwọn tó ń jó sí i ní Ṣógúnlé náà yẹ kí wọ́n ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ní èdè tiwọn.

Nítorí náà, ìwé ni kó jẹ́ ọkàn àtúngbéjáde Fuji Garbage. Kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ ní Yorùbá tó ní àmì ohùn tó péye. Kí wọ́n sọ ẹni tí oríkì kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, àdúgbò tó ń gbé, àti ohun tó so òun àti olórin pọ̀. Kí wọ́n túmọ̀ àwọn gbólóhùn Lárúbáwá tó bá wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tí dùndún sọ. Kí wọ́n kọ orúkọ onílù àti elégbè kọ̀ọ̀kan: ta ló gbé dùndún kọ́ èjìká, ta ló lu sákárà, ta ló mú agogo, ta ló ń gbè é. Èèpo àwo ayé ìgbà náà sábà máa ń gbé àwòrán ọ̀gá síwájú, tí orúkọ àwọn tó ń lù fún un á sì pamọ́. Gbèsè nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù nílẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi orin kún un, òde ìnáwó ni kí wọ́n ti lọ wá a. Ibẹ̀ ni fújì ń gbé. Ibẹ̀ ni olórin ti ń kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n ń ná an lówó, tí orúkọ ń tẹ̀ lé orúkọ. Kásẹ́ẹ̀tì live play irú òde bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú páálí nílé ọ̀pọ̀ olólùfẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan láti ọdún 1988 tàbí 1989 sẹ́gbẹ̀ẹ́ elépéè náà, ẹni tó ń gbọ́ yóò rí bí olórin ṣe fa ogún ìṣẹ́jú yọ nínú iṣẹ́ òru mọ́jú, yóò rí ohun tó mú àti ohun tó fi sílẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣe é? Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Siky-Oluyole Records, ni Barrister fi gbé ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀ ti àwọn ọdún 1980 jáde. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà tọdún 2022 fún àwo orin ní àádọ́ta ọdún láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Fún àwo ọdún 1988, ìparí ọdún 2038 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àti orin tí ẹnì kan dá sílẹ̀ ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fún ti Barrister, ìparí ọdún 2080 nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí àwọn tó ni ín jókòó tì í. Knitting Factory Records ní New York ti tún àwọn àwo Fela gbé jáde nínú àpótí tí Questlove, Ginger Baker, Brian Eno àti Erykah Badu yan àwo inú wọn, pẹ̀lú ìwé àlàyé. Orúkọ Fela kò kéré sí i nítorí ìyẹn. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tọ́ sí fújì pẹ̀lú.

Àwọn kan á ní ta ni yóò rà á. Ìdáhùn wà lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní. Asake ń fi ohùn fújì kọrin fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní òkè òkun. Adékúnlé Gold pe àwo rẹ̀ tọdún 2025 ní Fuji. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ wọn ti ń béèrè ibi tí orin náà ti ṣàn wá. Àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń bí ọmọ sí ibi tí dùndún kò ti ń sọ̀rọ̀, yóò rà á fún àwọn ọmọ wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dọ́ ní ẹ̀rọ tó lè fọ ohùn mọ́. Àwọn tó wà lágbo lọ́dún 1988 ló ní orúkọ, ìtàn àti ohun tí ìlù sọ, ọjọ́ ogbó sì ń lé wọn bọ̀. Kí ẹbí Barrister pe àwọn onílù àti elégbè tó ṣẹ́ kù jọ kí ọdún 2028 tó dé. Kí àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Yunifásítì Èkó àti LASU fi kíkọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Kí àwọn olólùfẹ́ ní Ṣógúnlé, Ìsọlọ̀ àti Múṣin yẹ elépéè àti kásẹ́ẹ̀tì wọn wò, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti òde tí wọ́n ti gbà á sára rẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé. Bí ọdún 2028 bá sì dé, tí wọ́n gbé Fuji Garbage wá láìsí orúkọ àwọn onílù rẹ̀ àti àlàyé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ ní kí wọ́n lọ parí iṣẹ́ náà.