Àyè Ẹ̀yìn Àgbò

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe yìí bá ìtàn Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ mu, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Brooklyn, tó fi bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, ṣe iṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún ẹni tó bá pa òwe náà: bí ògiri bá wà lẹ́yìn àgbò ńkọ́? Níbo ni yóò tàdí sí?

Ní Yunifásítì Indiana, iṣẹ́ Ògúnlẹ́yẹ ni kó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òmìrán tó ń ṣọ́ quarterback, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù, kó sì gbé e ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o níbẹ̀. Iṣẹ́ orúnkún ni. Ní 1999, ọdún tó gbá kẹ́yìn, orúnkún ọ̀hún bàjẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà, jókòó sí dìráfìtì ọdún 2000, níbi tí wọ́n ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, èèyàn 254 ni wọ́n pè. Wọn ò pe Ògúnlẹ́yẹ.

Ẹnìkan lè ní wọn ò jẹ̀bi, ẹsẹ̀ tó fara pa ni wọ́n rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n wò, ibẹ̀ ni èmi àti wọn ti yà. Ọgbẹ́ lè san. Ohun tí ọmọkùnrin náà ti ṣe lójú gbogbo ayé ní Indiana ńkọ́, ṣé ó ti di àlá ni?

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹgbẹ́ Miami Dolphins gbà á láìsí dìráfìtì. Wọn ò sì kán an lójú. Ní gbogbo 2000 kò wọ pápá. Ó di 2001 kó tó gbá. Ọdún tí wọ́n yọ̀ǹda fún un yìí ni àyè ẹ̀yìn àgbò, kò sì sí ìgboyà kankan tó lè rọ́pò rẹ̀. Ní 2003, ìgbà 15 ló gbé quarterback ṣánlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní AFC, ìyẹn ìdajì NFL tí Miami wà, lọ́dún náà.

Àwọn kan á ní Jason Taylor, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami, ló tan ìmọ́lẹ̀ fún un. Lóòótọ́, akọni ni Taylor, òun ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn alátakò kò lè dojú kọ ẹnìkan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Taylor kò bá a dé Chicago. Ní 2004, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí owó, Miami fi Ògúnlẹ́yẹ gba agbábọ́ọ̀lù Marty Booker lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Chicago Bears. Lọ́dún kejì rẹ̀ níbẹ̀, ìgbà 10 ló tún gbé quarterback ṣánlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ó bá Bears dé Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní pápá Dolphins gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ Colts borí wọn, 29 sí 17.

Ó dùn mí pé àwọn tó ní sùúrù fún orúnkún tó bàjẹ́ kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ owó nígbà tí orúnkún náà ti san. Ọdún mẹ́fà ni Bears fi jẹ èrè ohun tí Miami dúró dè.