Òfin Kọ́ Ló Ń Fún Ọmọ Wa Ní Igbó

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kánò, bí ọ̀rọ̀ igbó mímu bá ti délẹ̀ nípàdé wa, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé bí ìjọba bá fi lè fọwọ́ sí i bíi ti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wa bàjẹ́ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà náà. Ìpínlẹ̀ Colorado dìbò fún igbó títà ní 2012, ṣọ́ọ̀bù sì ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2014. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ rà á. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ máa ń ṣèwádìí láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà. Ní 2013, nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn mu igbó láàárín oṣù kan. Ní 2019, nǹkan bí 20 náà ni. Ó wá sí 13 ní 2021, ṣùgbọ́n ìgbà Kòrónà nìyẹn, n kò ní fi yangàn.

Ẹ wá wo ilé. Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 ni ti ẹni tó bá gbin igbó. Wọ́n dẹ ìyà yẹn lẹ́yìn náà, àmọ́ ohun tófin kà léèwọ̀ ṣì ni. Síbẹ̀, ìwádìí 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lò ó láàárín ọdún kan. Ta ló ń bi ọmọ ọdún 15 léèrè ọjọ́ orí kó tó ta wiwi fún un?

Àwọn òbí mìíràn á ní kí ọmọ lọ bá ìyá àgbà nílé, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ búburú. Ìwádìí yẹn kan náà sọ pé ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo oògùn olóró ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù; 12 ni ní ìwọ̀-oòrùn àríwá níbí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ dúró ná. Codeine kì í ṣe igbó, oògùn ikọ́ ni. Ní gbangba ni wọ́n ń tà á kí ìjọba tó fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún 2018, ẹ sì mọ ohun tó fojú ọmọ rí. Paraga ńkọ́? Ta ló ń béèrè káàdì ní gáréèjì? Bí a bá fọwọ́ sí igbó lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe tà á.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Mo fẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ fi èyí sórí tábìlì: ọmọ ẹgbẹ́ tí a bá rí i pé ó ń ta tramadol fún ọmọdé, ṣé a óò lé e ni, àbí a óò máa gba owó ìdáwó rẹ̀ lọ?