Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti "Ń" Tiwa

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń da àwọn ọ̀dọ́ wa láàmú nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé béèrè iṣẹ́. Olùkọ́ kan yóò fi yíǹkì pupa fa igi lé "I write to apply", yóò ní ti ayé àtijọ́ ni. Òmíràn yóò fa igi lé "I am writing to apply", yóò ní kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Àwa wí i gbangba pé méjèèjì ni ó tọ́. Èkíní le díẹ̀, ó sì bá ọ́físì ìjọba mu. Èkejì rọ̀ díẹ̀. Bí èkíní kò bá dùn létí wa, ìdí rẹ̀ ni pé "mo kọ̀wé" lédè tiwa, ohun tí ó ti kọjá ni. Ìyẹn kò tó láti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ.

Ibòmíràn ni ewu wà. "Ń" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹni tí ó bá wí pé "mo ń gbé ní Ìjagun" lè jẹ́ onílé níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó wọ̀ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré. Òyìnbó ya méjèèjì sọ́tọ̀: "I live" ni ti onílé, "I am living" ni ti ẹni tí yóò kó lọ láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì kọ "I am teaching", ti sọ ara rẹ̀ di adelé.

"I am having a certificate" ni ó yà wá lẹ́nu jù, nítorí èdè wa kò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ta ni ó jẹ́ wí pé "mo ń ní ìwé ẹ̀rí", tàbí "mo ń mọ ọ̀gá náà"? Etí Yorùbá nìkan ìbá ti gba akọ̀wé náà lọ́wọ́ ìtìjú.

Ẹ sì ṣọ́ ìwé tí a fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. "I resign" ti parí ọ̀rọ̀: ìwé náà gan-an ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá ka "I am resigning" lè béèrè pé, ọjọ́ wo?

Láti ọdún 2005 ni yunifásítì tí a fi orúkọ Tai Solarin pè ti wà ní Ìjagun, tí ó ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ wa. A bẹ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kí wọ́n fi "ń" tiwa wé ti Òyìnbó lójú pátákó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó jáde lọ gba yíǹkì pupa.