Báàsì Tí Ìdí Ń Gbọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti Computer Village ní Ìkẹjà dé. Mo wọ ilé ìtajà kan ní òpópónà Otigba, mo sọ fún ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé mò ń wá ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú, tó ń mú àga náà gbọ̀n rìrì bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti ń dún nínú fíìmù, láìjẹ́ pé ariwo gba ilé kan. Ó wò mí títí. Ó ní, “Bàbá, ẹ gba sọ́búúfà ńlá yìí. Báàsì tí aládùúgbò ò gbọ́, ta ló máa mọ̀ pé ẹ ra nǹkan?”

N kò bá ọmọ náà jà, nítorí ohun tí gbogbo Èkó gbà ló sọ. Ṣùgbọ́n mo ń bá èrò náà jà. Ta ni a ra báàsì fún, àwa tàbí aládùúgbò?

Nínú èdè wa, gbígbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan. A ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, a ń gbọ́ èdè, a sì ń gbọ́ ti ẹnìkejì wa. Ẹni tó bá ti dúró níwájú gbẹ̀du mọ̀ pé àyà ń gbọ́ ìlù náà bí etí ti ń gbọ́ ọ. Evelyn Glennie, onílù ọmọ Scotland tí etí rẹ̀ ti di gan-an láti ọmọ ọdún 12, a máa bọ́ bàtà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá a gbọ́ ohun tó ń lù. Ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wà ní bèbè ibi tí agbára etí parí sí. Ara ló kù tí yóò gbà á. Ìgbì ohùn bẹ́ẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 17, kò sì sí ògiri búlọ́ọ̀kù kan ní Agége tí yóò dá a dúró.

Èmi náà jẹ̀bi rí. Ní òru ọjọ́ kan, ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà ní yàrá kejì wá kan ilẹ̀kùn mi. Kò bú mi. Ó kàn gbé ọmọ náà dání, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.” Èmi ń gbádùn ogun inú fíìmù, ọmọ ọlọ́mọ ń gbọ́ ìbọn.

Ìwà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1974, nígbà tí ilé iṣẹ́ Universal gbé fíìmù Earthquake jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ Sensurround, odidi ilé sinimá ni wọ́n ń mì kí ara òǹwòran lè gbọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ronú síwájú, wọ́n gbé gbígbọ̀n náà sínú àga. Àwa ṣì wà lórí mímì ilé, títí LASEPA fi ti ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti hòtẹ́ẹ̀lì pa nítorí ariwo ní 2016.

Àwọn kan á ní owó ńlá ni, iná kò sì sí. Ẹ̀rọ BST-1 ti Dayton Audio kò ju wáàtì 50 lọ. Ẹ fi wé sọ́búúfà tó ń mu ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí ẹ bi ínfátà yín léèrè èyí tó fẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le, àmọ́ ó gba sùúrù. Igi tàbí irin ìjókòó ni kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́, kì í ṣe tìmùtìmù. Irin àga ìrọ̀gbọ̀kú ń ká, ó sì ń nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wáyà dẹ̀ kí irin má baà gé e. Ẹ fún un ní ámpílífáyà tirẹ̀, kí ẹ sì gé ohùn tó bá ju 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ni ìdí yín yóò máa gbọ́. Bí ẹ bá so méjì tó jẹ́ ohm 4 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohm 2 ni ámpílífáyà yóò rí, ọ̀pọ̀ ni kò sì lè gbé e. Ẹ so wọ́n tẹ̀léra, kó di 8. Paríparí rẹ̀, ẹ fi rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tí kò bá fi rọ́bà sí i kàn gbé ariwo kúrò lára ògiri lọ sórí àjà ẹni ìsàlẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin Otigba náà tún ní kò sí orúkọ fún un lédè Yorùbá. Ará Amẹ́ríkà kan pe tirẹ̀ ní ButtKicker, ìyẹn ẹni tó ń ta ìdí nípàá, ojú kò sì tì í. Àwa tí a sọ amóhùnmáwòrán àti amúlétutù, kí ló dé tí a ó fi dákẹ́? Mo pè é ní amágagbọ̀n: ohun tó ń mú àga gbọ̀n. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.