Ilé ìkẹ́rùsí Adétikopé: àpò ta ni yóò wọ inú rẹ̀?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí Ààrẹ Faure Gnassingbé ti ṣí ọgbà ilé-iṣẹ́ Adétikopé, lójú ọ̀nà tó jáde láti Lomé lọ sí Atakpamé, iṣẹ́ kò tíì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tó 400 hẹ́kítà, ìjọba Togo àti ilé-iṣẹ́ Arise ló sì jọ ni ín. Òwú, ẹ̀wà sóyà àti kajú wà lára ire oko tí wọ́n fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lé lórí níbẹ̀ kó tó gba èbúté Lomé lọ sókè òkun. Bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé ní apá kejì. Ilé ìkẹ́rùsí wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ nìkan nìyẹn. Lójú tiwa, ó kan àgbẹ̀ Anié àti ìyá ọlọ́jà tó ń gbé ní Anagokomé bákan náà, torí ẹni tó bá ríbi kó ọjà pamọ́ sí ló máa ń lágbára lórí iye tí ọjà yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni gbogbo wa mọ̀ jù. Lápá gúúsù Togo, ìgbà òjò méjì là ń rí lọ́dún. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́ máa ń jáde ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, gbogbo àgbẹ̀ a sì gbé e wá sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ a já wálẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, àgbẹ̀ tó tà á ní ọ̀pọ̀ lè máa rà á ní ọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Gbèsè ajílẹ̀ àti owó iléèwé ọmọ ló ń lé e, àká ilé rẹ̀ kò sì lè dá ọkà sí.

Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kan, tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú àgbàdo Togo. Láàárín oṣù mélòó kan, ó lè sọ àgbàdo inú àká di ìyẹ̀fun. Àgbàdo tó bu tún burú ju ìyẹn lọ. Òjò kejì lè dé kí ti àkọ́kọ́ tó gbẹ dáadáa, ọkà tútù a sì bu, májèlé aflatoxin a wọ inú rẹ̀. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn 125 ní Kenya lọ́dún 2004.

Nítorí náà, ilé ìkẹ́rùsí kọjá ògiri àti páànù. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ojú àgbàrá lọ, àpò kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọn omi inú àgbàdo kó tó wọlé. Tó bá ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kó padà sínú oòrùn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Eruku sìmẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Ọkọ̀ iyanrìn àti ọkọ̀ ọkà kò gbọdọ̀ jọ gba ọ̀nà kan náà. Ihò tí wọ́n bá dá sára ògiri, kí wọ́n dí i kí ilẹ̀ tó ṣú, torí eku. Àwọn tó ń jó irin gbọ́dọ̀ jìnnà sí àpò. Ará Lomé kò tíì gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2013, tí iná jó ọjà ńlá wa, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù ohun gbogbo.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni ti àpò ta ni yóò wọlé. Tó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nìkan, wọn yóò rà á ní ìgbà ọ̀pọ̀, wọn yóò sì máa lò ó títí di ìgbà ọ̀wọ́n. Èrè sùúrù di tiwọn. Ìjọba ní àjọ ANSAT, tó ń ra ọkà pamọ́, tó sì ń tú u sọ́jà nígbà ọ̀wọ́n. Ìyẹn ń ran ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á ńkọ́?

Ní Niger, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ti ń kó ọkà sílé ìkẹ́rùsí, tí wọ́n ń fi í yá owó, tí wọ́n sì ń tà á nígbà tó bá wọ́n kí wọ́n tó san gbèsè. Ọjà ire oko tí wọ́n ṣí ní Ghana lọ́dún 2018 náà ń lo rìsíìtì ilé ìkẹ́rùsí. Ká ní àpò kan jẹ́ 15,000 sẹ́fà nígbà ìkórè, tó di 22,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Tí owó ìpamọ́ àti èlé bá kó 3,000, èrè 4,000 ló kù fún olóko. Àmọ́ owó ọjà lè má gòkè tó bẹ́ẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má kó gbogbo ọkà rẹ̀ pamọ́.

Kí wọ́n tó kan páànù ló yẹ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà lọ béèrè: Èló ni owó àpò kan lóṣù? Ta ni yóò san án tí iná tàbí kòkòrò bá ba ọjà jẹ́? Ṣé ilé ìfowópamọ́ yóò gba rìsíìtì náà? Ọmọ tó bá ká apá rẹ̀ sókè là ń gbé.