Ẹni Tó Ní Nẹ́tíwọ̀kì Ni, Kó Fi Ipasẹ̀ Hàn

Owó ti kúrò ní àkáǹtì ẹni tó rajà, ìyá alátà kò sì tíì rí kọ́bọ̀. Ẹ pe báńkì, wọ́n á ní, “Nẹ́tíwọ̀kì ni.” Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, òótọ́ ni: okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ nítòsí Abidjan, Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ okùn kì í já lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ la sì ń gbọ́ àwáwí yìí.

Báńkì tó ń yẹ nẹ́tíwọ̀kì wò lọ́tọ̀, tó ń tọpasẹ̀ áàpù rẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò so méjèèjì pọ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì a máa rán àyẹ̀wò jáde láti Ìbàdàn tàbí Èkó, kí wọ́n lè mọ ibi tí packet, ìyẹn ègé dátà, ti ń sọnù. Àwọn tó kọ áàpù náà mọ iye àkókò tí iṣẹ́ kan lò lọ́dọ̀ server kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá dàrú, kálukú á ní, “Ọ̀dọ̀ tiwa dára.” Ìyá alátà ló ń jìyà rẹ̀.

Ìyà tí kò nídìí ni! Google ti ṣàlàyé Dapper, ètò tó fi ń tọpasẹ̀ iṣẹ́ láti server kan dé òmíràn, fáyé ní 2010. Ní 2020, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ìlànà Trace Context: ó ní ìlà kan, traceparent, tí àyẹ̀wò yóò gbé dání. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-lẹ́tà 32 wà nínú rẹ̀. Server tó bá gbà á á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi lé èyí tó kàn lọ́wọ́. Bí àyẹ̀wò Ìbàdàn bá wá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ bóyá ojú ọ̀nà ló pẹ́ sí, tàbí database báńkì ló jókòó lé e.

Wọ́n á ní ìnáwó rẹ̀ pọ̀. Lóòótọ́, ipasẹ̀ gbogbo oníbàárà kò ṣeé tọ́jú tán. Dapper alára, níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọ̀kan nínú 1,024 ló ń gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mélòó la ń rán lóòjọ́? Ẹ fi 01, àmì pé kí a gbà á sílẹ̀, parí traceparent wọn, kí ẹ tọ́jú gbogbo wọn. Wọ́n á tún ní àṣírí oníbàárà á tú. Àṣírí wo? Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ṣàdédé ṣà jọ ni, kò gbé orúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, sọ ọ́ di òfin: báńkì tó bá fi nẹ́tíwọ̀kì dá oníbàárà lóhùn, kó kọ nọ́ńbà àyẹ̀wò tó kùnà lójú ọ̀nà ní wákàtí náà sínú èsì rẹ̀. Èyí tí kò bá rí nọ́ńbà kọ, kó dá owó olówó padà lọ́jọ́ náà gan-an.